Omi ò hó ọṣẹ, omi ń pọ́n: àṣìṣe táa máa ń ṣe sí omi ilé l'Ékòó

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tuntun l'Ékòó, tẹ́ẹ wá rí i pé omi ibẹ̀ ò yé yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì pe plọ́ńbà, ẹ má sì tíì ra nǹkankan.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí mi sí, Mushin ni mo ń gbé báyìí, mo ti fi omi méjèèjì fọṣọ, mo sì ti rí i pé orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pe oríṣiríṣi wàhálà. Ọṣẹ ò hó, "omi yìí le". Báàfù pọ́n, "omi yìí le". Omi ń ta iyọ̀ lẹ́nu, "omi yìí le". Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ o, torí wàhálà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, oògùn ọ̀kan ò sì ran èkejì.

Omi tó le ní tòótọ́ ni omi tí calcium àti magnesium, àwọn èròjà tó ń yọ́ látinú òkúta, pọ̀ nínú ẹ̀. Tómi bá gba inú òkúta ẹfun kọjá ló ti ń kó o, irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Àwa ti mainland, ní Mushin, Surulere, Agége, iyanrìn àti amọ̀ la gbẹ́ bóòhóòlù wa sí, nítorí ẹ̀ omi wa kì í sábà le, ó máa ń rọ̀ ni, ó tún máa ń kan díẹ̀, irin ló ń yọ wá lẹ́nu. Ti Island yàtọ̀. Ọ̀sà àti òkun ló yí wọn ká, iyọ̀ máa ń wọ inú kànga tí ò jìn, pàápàá tó bá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ilé sì ń fa omi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi òkun sì rèé, nínú lítà kan péré, magnesium inú ẹ̀ tó bíi 1,300 mílígíráàmù, calcium tó bíi 400, ẹ ò wá rí i pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹ̀ ti tó láti sọ ọṣẹ di aláìlágbára.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti bíliìṣì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Mushin, ṣáàtì funfun tọ́mọ mi ń wọ̀ lọ sí sukúù ti ń pọ́n díẹ̀ lọ́rùn, mo bu omi bóòhóòlù sí báàfù, omi mọ́ kedere o, mo da bíliìṣì sí i, mo rẹ ṣáàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbẹ̀ mo lọ dáná. Nígbà tí mo fi máa padà dé, omi ti dà bíi tíì tí ò ní mílíìkì, ojú rírán kọ́là àti ẹnu àpò ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo wá rò pé bíliìṣì ló kéré, mo tún da òmíràn sí i. Ó burú sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé irin tó ti yọ́ sínú omi ò ṣeé fojú rí, bíliìṣì ló máa ń sọ ọ́ di ìpẹtà lójú ẹsẹ̀, ìpẹtà yẹn ló sì ń di aṣọ mú. Tí omi yín bá lírin nínú, ẹ má fi bíliìṣì fọ aṣọ funfun láéláé. Ẹ fi omi òjò fọ̀ ọ́, tàbí kẹ́ẹ pọn omi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ìpẹtà fara balẹ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ẹ rọra bu tòkè lò.

Èyí tó ti pọ́n ńkọ́? Ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni, ẹ fún un sójú ibẹ̀, ẹ sá a sóòrùn, ẹ ṣan án. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí bíliìṣì ti kúrò lára aṣọ pátápátá ná, torí bíliìṣì àti ọsàn, tàbí fínígà, tàbí èyí táa fi ń fọ ṣáláńgá, tí wọ́n bá pàdé, èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè dí èèyàn láyà, ẹ má dán an wò, pàápàá nínú ilé ìwẹ̀ tí fèrèsé ẹ̀ kéré.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe yín? Ẹ pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun lálẹ́, tó bá mọ́ tó wá pọ́n lówùúrọ̀, irin ni. Tó bá ń ta iyọ̀ lẹ́nu, ẹ ti mọ ìyẹn. Ti omi líle, ẹ wá ike omi méjì, ẹ bu omi òjò sí ọ̀kan, omi ilé sí èkejì, kó má ju ìdajì lọ, ẹ gé ọṣẹ ìfọṣọ tó dì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú méjèèjì bákan náà, ẹ mì í dáadáa. Ti omi òjò máa hó dé ẹnu ike, kò sì ní tètè rọlẹ̀. Omi tó le, díẹ̀ ló máa hó, nǹkan funfun bíi wàrà tó dì á máa léfòó lójú ẹ̀. Ẹ má fi ọṣẹ ẹlẹ́búbú dán an wò o, wọ́n ṣe ìyẹn kó lè hó nínú omi líle, ẹ ò ní rí òótọ́.

Àwọn tó ń da álọ́ọ̀mù sómi torí pé ọṣẹ ò hó, ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń mú lọ sísàlẹ̀, kò lè yọ líle omi rárá, kò sì lè yọ iyọ̀. Omi tó ti ń kan tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa tún kan sí i. Síse náà, apá kan líle yẹn ló ń yọ, òun ló ń dì funfun sídìí kẹ́tù, ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ ẹ́. Iyọ̀ ò lọ síbì kankan ní tiẹ̀, bí omi bá ṣe ń gbẹ ló ń ta lẹ́nu sí i. Ẹ̀wà tí ò tètè rọ̀ nínú omi líle, ẹ fi omi òjò tó mọ́ tàbí pure water sè é dípò kẹ́ẹ máa bu káún sí i, káún máa ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́.

Ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ omi líle di rírọ̀ ló ń náni lówó jù. Landlord kan ládùúgbò wa, bàbá àgbà ni, ẹni tó tà á fún wọn ò béèrè nǹkankan ju pé ṣé omi le, bàbá ní ó le, wọ́n sanwó. Omi onírin ni, kò le rárá. Ìpẹtà bo àwọn hóró kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ, kò pẹ́ rárá tí gbogbo ẹ̀ fi dúró. Irin ní fíltà tiẹ̀ lọ́tọ̀. Omi iyọ̀ náà, ẹ̀rọ yẹn ò lè yọ iyọ̀, torí ó ń gba calcium ó ń fi sodium, èròjà tó wà nínú iyọ̀, rọ́pò ẹ̀ ni, reverse osmosis, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kọjá, ló ń yọ iyọ̀. Ẹni tí dókítà bá sì ní kó dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà ná kó tó máa mu omi tó bá jáde látinú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Líle omi fúnra ẹ̀ kì í pa èèyàn, àjọ ìlera àgbáyé WHO ò tiẹ̀ fi òdiwọ̀n ìlera kankan sí i. Kòkòrò látinú sọ́kàwéè tó wà nítòsí bóòhóòlù ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù, omi tó mọ́ lójú tó hó ọṣẹ dáadáa lè ní in nínú.

Tẹ́ẹ bá máa gbé omi lọ sí láàbù, ẹ jẹ́ kí omi kọ́kọ́ dà lẹ́nu ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi omi náà ṣan ike, kẹ́ẹ tó bu ú. Ẹ ní kí wọ́n kọ hardness (líle omi), iron (irin) àti chloride (èyí tó ń fi iyọ̀ hàn) sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tún wo kòkòrò. Hardness tí ò tó 60 mílígíráàmù nínú lítà, omi yín rọ̀, tó bá ju 180 lọ, ó le gan-an. Iron tó bá ti kọjá 0.3 mílígíráàmù nínú lítà, òun ló ń pọ́n aṣọ yín.