Ẹ Má Bá A De Bọ́tìnnì Mọ́: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Ọmọ Tó Nílò Ìrànlọ́wọ́ Àkànṣe Bá Ń Dàgbà

Ọdún tí àbúrò mi ọkùnrin pé ọmọ ọdún 19 ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ọwọ́ yẹn kan náà ló fi ń ṣa òkúta inú ìrẹsì tí kò ní ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Àárọ̀ Iléyá ni, Ìyá wa ti lọ sí yídì ṣáájú, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú jalamíà funfun lọ́rùn, ó ń retí ẹni tí yóò bá a de bọ́tìnnì mẹ́ta. Èmi sì rèé, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe ní Ìlọrin, tí mo ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn láti àárọ̀ dọ̀sán, n kò rí ti inú ilé wa. Bí ẹ bá rí i pé mo ń báni wí nísàlẹ̀ yìí, ara mi ni mo kọ́kọ́ bá wí.

Àṣìṣe tó bí ìyókù ni gbólóhùn kan: “Ó ṣì kéré.” A wí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8, a wí i nígbà tó di 14, a sì ń wí i nìṣó nígbà tí irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n. Ọmọ tí nǹkan kì í pẹ́ yé pàápàá, ọdún mélòó ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà? Ti ẹni tí nǹkan ń pẹ́ yé yóò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó tètè bẹ̀rẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwa wá ń jẹ́ kó pẹ́ jù wọ́n lọ. Ọmọ ọdún 12 kò kéré rárá.

Àwọn mìíràn á sì jí lójijì lọ́jọ́ kan, wọ́n á ní láti òní lọ kó máa dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Ọmọ á dojú kọ iṣẹ́ tó ní ọ̀nà mẹ́wàá, á há sí ìkejì, á bú sẹ́kún, ìyá á já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀: “Ṣé ẹ rí i? Mo ní kò lè ṣe é.” Ohun tí àwa tíṣà ń ṣe ni pé ìparí la kọ́kọ́ ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ wo ẹ̀bà. Ẹ gbé omi kaná, ẹ da omi sínú abọ́, ẹ bu gààrí sí i, ẹ rò ó, kí ẹ wá pe ọmọ kó bù ú sí àwo, kó gbé e fún bàbá rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni tirẹ̀. Àmọ́ òun ló parí ẹ̀bà, òun ni wọ́n kí pé ó kú iṣẹ́. Bí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fi ríro kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, gààrí bíbù. Omi gbígbóná ló máa kẹ́yìn, ẹ̀yin náà ẹ dúró tì í. Lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ ń parí sí i lọ́wọ́, kò sí ọjọ́ kan tó fi ẹkún kúrò nídìí rẹ̀.

Bí a ṣe ṣe ti bọ́tìnnì náà nìyẹn. Mo de méjì, mo ti ìkẹta dé ìdajì ihò, mo ní kó fà á. Ó fà á. Ó wò mí, ó tún fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò bọ́ padà. Ó gbà wá tó oṣù méjì kí èmi tó bọ́ sẹ́yìn pátápátá, Ìyá wa sì bá mi jà nínú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé mò ń jẹ́ kí ọmọ òun pẹ́ dé mọ́ṣáláṣí.

Ti owó, àwa tíṣà ló ṣe àṣìṣe ibẹ̀. Àwọ̀ la fi ń kọ́ wọn. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ wá gbé ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde lópin ọdún 2022, tí ẹgbẹ̀rún di aláwọ̀ aró tí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì di aláwọ̀ ewé, ohun tí a ti fi ọdún kọ́ dàrú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ti àtijọ́ ò sì kúrò nílẹ̀, méjèèjì la jọ ń ná. Nọ́ńbà ni kí ẹ fi kọ́ ọmọ: òdo mélòó ló tẹ̀ lé 1, òdo mélòó ló tẹ̀ lé 5. Kí ó jẹ́ owó gidi, kí ó sì jẹ́ ọjà gidi. Ní ọjà Ìpàta, àbúrò mi ra ata ₦500, ó na ₦1,000 sí ìyá aláta, ó yíjú, ó ti ń bọ̀. Ìyá náà ló pè é padà: “Alhaji kékeré, ẹ wá gba ṣéńjì yín o.” Láti ọjọ́ yẹn la ti ń kọ́ ọ pé bó bá ti sanwó, kó na ọwọ́, kó sì dúró. Kò tíì lè ṣírò ohun tó kù. Dídúró yẹn nìkan ti já owó gbà fún wa o.

Ọ̀rọ̀ ara ló ń tì wá lójú jù. Ẹnu wa ń pè é lọ́mọdé, ara rẹ̀ ò gbọ́. Ọmọbìnrin tó ní Down syndrome, ìyẹn ipò tí wọ́n bí mọ́ ọmọ tó ń mú kí nǹkan máa pẹ́ yé e, yóò rí nǹkan oṣù bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dé ló máa kọ́kọ́ rí páàdì. Ẹ jẹ́ kó ti wọ̀ ọ́ wò ṣáájú. Ẹ pe ẹ̀yà ara ní orúkọ tí nọ́ọ̀sì tàbí ọlọ́pàá yóò gbọ́, kì í ṣe orúkọ àwàdà tó jẹ́ pé ilé yín nìkan ló mọ̀ ọ́n. Èyí tó sì burú jù ni pé ìgbọ́ràn nìkan la fi ń kọ́ wọn. Ọmọ tí kò sọ “rárá” fún ìyá rẹ̀ rí, níbo ló ti máa rí i sọ fún ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ? Ẹ jẹ́ kó kọ oúnjẹ tí kò wù ú. Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé tọ̀ ọ́. Ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀ sì tó láti fi kí àlejò. N kò mọ ibi tí a ti rí i pé àwọn ọmọ yìí nìkan ló gbọ́dọ̀ máa dì mọ́ gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Àdúrà dára, n kò bá alfa kankan jà. Àmọ́ mo mọ ìdílé tó fi ọdún mẹ́fà gbé ọmọ kiri fún hàntú, omi tí alfa fi fọ àyọkà Kùránì tó kọ, kí ọmọ mu ún, tí wọn ò fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ bó ṣe máa wẹ̀. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ máa lọ.

Ẹ tún dákun, ẹ yé kó gbogbo ọmọbìnrin sọ́dọ̀ télọ̀, gbogbo ọmọkùnrin sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ wo ohun tó ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í jókòó àfi bó bá to bàtà gbogbo wa ní méjì-méjì, kékeré ṣáájú, ńlá tẹ̀ lé e. Ìsọ̀ oníbàtà ló yẹ ọmọ bẹ́ẹ̀. Òfì híhun tí a mọ Ìlọrin mọ́, ohun kan náà lọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí àyípadà máa ń dà láàmú lè gbádùn rẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀ á sá fún un. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá, ẹ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá. Ojú ń tì wá, a ò ní sọ, ọ̀gá á rò pé agídí ni, á nà án. Bó bá jẹ́ wárápá, ọ̀gá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn kì í ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń yí i sí, pé kí wọ́n wo aago, bó bá sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ọsibítù ló kàn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọdún mẹ́ta tí àwọn yòókù fi ń gba fírídọ̀mù lè di márùn-ún fún tirẹ̀.

Ti ìwé kò gùn. NIN, ìwé ọjọ́ ìbí, àkáǹtì báńkì ní orúkọ tirẹ̀, káàdì ìdìbò bó bá ti pé 18. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, ní kí àkàndá ẹ̀dá tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, láàárín òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ ìjọba, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Òfin ìdìbò pẹ̀lú gbà kí ẹni tí kò ríran mú ẹni tó bá yàn fúnra rẹ̀ dání lọ dìbò. Ọmọ tí kò ní ìwé kankan, kò sí bó ṣe máa jẹ nínú rẹ̀.

Èyí tó kù wà ní ọ̀pọ̀ agboolé: “Àbúrò rẹ̀ á máa tọ́jú ẹ̀.” Ta ló bi àbúrò? Nílé tiwa, àbíkẹ́yìn wa tó wà nílé ọkọ ní Ọ̀fà ni Ìyá wa ti fi ọ̀rọ̀ náà sí lọ́rùn láti kékeré. Mo pè é sí ilé mi, níbi tí Ìyá wa ò sí, mo bi í. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo máa gbà á. Ṣùgbọ́n kó ti lè fọ aṣọ ara rẹ̀. Kí ẹ̀yin tó kù máa dá owó lóṣooṣù, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ọkọ mi sì gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá wa, kì í ṣe lẹ́nu tèmi.” Nígbà tí mo jíṣẹ́, ọjọ́ méjì ni Ìyá wa ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní kí n bá òun pe ọkọ̀ Ọ̀fà.

Oṣù tó kọjá ni àbúrò mi ọkùnrin kọ́kọ́ sùn níbẹ̀, ọjọ́ méjì. Ó fọ jalamíà rẹ̀ kó tó máa bọ̀, ọṣẹ ṣì gbẹ mọ́ àpò rẹ̀ nígbà tó dé. Ó ti de bọ́tìnnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìkan nínú wọn wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. A ò tún un ṣe.