Ayaba tí kò ní ọba: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa ìyá èèrà

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ n'Íbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi á gbé ìgò wá: "Sà, a ti mú ayaba èèrà!" Lọ́pọ̀ ìgbà, èsúnsún ni. Ọmọ ikán ni èsúnsún, ikán kì í sì í ṣe èèrà. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀: ti èèrà fún pinpin, ìyẹ́ iwájú rẹ̀ sì gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ti èsúnsún kò fún, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì gùn dọ́gba. Ikán ní ọba nínú ọ̀gán. Èèrà kò ní. Akọ rẹ̀ kì í pẹ́ kú lẹ́yìn tó bá gun abo.

Ọ̀rọ̀ náà "ayaba" wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. A gbọ́ ọ, a rò pé ó ń pàṣẹ. Ẹ má fi kọ́ ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Ẹyin ló ń yé, òórùn ara rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rá kan wà lára awọ rẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ìwo orí wọn gbọ́. Níbi tí òórùn yẹn bá wà, ilé ẹyin inú ara tiwọn kì í sábà dàgbà. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé 3-methylhentriacontane ni èròjà náà lára Lasius niger, èèrà dúdú ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n fi í sáàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní ìyá, ilé ẹyin wọn kò sì dàgbà tó bó ṣe yẹ.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó lọ́nà Ìdí-Ayùnrẹ́ mọ èèrà pupa tó ń ran ewé pọ̀ kọ́lé. Ẹ má gé ìdì ewé kan kí ẹ ní ẹ ti mú ìyá wọn. Agbo kan lè gba igi púpọ̀, ìyá kan ṣoṣo ló sì máa ń wà nínú gbogbo rẹ̀. Bó bá kú, àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tí akọ nìkan ń ti inú rẹ̀ jáde. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òkú rẹ̀ pàápàá ṣì lè dá wọn dúró.

Ẹ má sì wo ìyẹ́ tó já kí ẹ ní abo náà ti rí akọ. Lára Solenopsis invicta, èèrà tó ń ta bí iná ní Gúúsù Amẹ́ríkà, òórùn ìyá ni kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ abo já ìyẹ́ wọn sílẹ̀ nínú ilé. Bí ìyá bá kúrò, wọ́n á já a, wọ́n á sì máa yé ẹyin láìrí akọ rárá. Akọ lásán ni wọ́n ń bí.

Bó bá jẹ́ ìyá gidi lẹ rí, ẹ má máa ṣí ìgò wò lójoojúmọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà, iṣan tó fi ń fò ló ń yọ́ nínú ara rẹ̀ láti fi bọ́ ọmọ àkọ́kọ́. Kò béèrè oúnjẹ. Òwú tí a fi omi rin nínú ìgò àti òkùnkùn ti tó o, títí òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ á fi jáde.