Ọyẹ́ ló bá mi yọ síǹkì

Sódíọ̀mù làwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kẹ́mísìrì ní Zaria fẹ́ rí. Wọ́n ti kà á pé Humphry Davy fi iná mànàmáná yọ ọ́ lára kọ́sítíìkì sódà ní 1807. Mo ní rárá: irin tó ń gbiná bó bá kan omi! Iyọ̀ ìsebẹ̀ pàápàá, tí sódíọ̀mù wà nínú rẹ̀, kì í yọ́ àfi ní 801°C, iná gáàsì láàbù wa ò sì tó bẹ́ẹ̀. Mo bá mú zinc chloride, iyọ̀ tí síǹkì àti kílórínì para pọ̀ di, tó ń yọ́ ní nǹkan bíi 290°C.

Oṣù Kẹjọ, nínú òjò, ni mo kọ́kọ́ dán an wò. Iyọ̀ yẹn máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Kí n tó wọ̀n ọ́n tán, ó ti ń rin. Iná mú un, ó ń hó, èéfín ń ta wá nímú, nǹkan funfun kan tí ò yọ́ sì gbá sídìí ìkòkò. Bàbá tó ń tọ́jú láàbù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Sabon Gari, yọjú lójú fèrèsé: "Tíṣà, omi lẹ ń sè yẹn o."

Mo dúró de ọyẹ́. Ní oṣù Kìíní, nígbà tí ètè gbogbo wa ti là, mo ṣí ìgò tuntun. Iyọ̀ náà gbẹ bí iyanrìn.

A yọ ọ̀pá dúdú inú àlòkù bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, a so wọ́n mọ́ bátìrì ọ̀kadà 12V, gílóòbù wà láàárín. Iyọ̀ ò tíì yọ́, gílóòbù ò tàn. Bó ṣe yọ́, ó tàn yòò, àwọn ọmọ hó yèè. Nídìí ọ̀pá pọ́sítíìfù, pépà lítímọ́ọ̀sì búlúù tí a fi omi rin pọ́n, lẹ́yìn náà ó funfun: kílórínì nìyẹn. Gbogbo fèrèsé la ṣí, ẹ̀yìn atẹ́gùn la sì dúró sí. Gáàsì yẹn kì í ṣeré.

Síǹkì kì í yọ́ àfi ní 420°C, tiwa ò dé ibẹ̀, ló bá ń hù bí ẹ̀gún lára ọ̀pá kejì. Lójijì gílóòbù mọ́lẹ̀ jù: ẹ̀gún ti kan ọ̀pá ìkíní! Mo sáré fà wọ́n jìnnà síra.

Ámpíà 2 fún ìṣẹ́jú 30 yẹ kó fún wa ní gíráàmù 1.2. A fi omi fọ iyọ̀ kúrò, a sá a, òṣùwọ̀n ní 0.7. Èyí tó lẹ́bú bá omi lọ, kílórínì náà sì ti gba díẹ̀ padà.

Bàbá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. "Gbogbo èéfín oṣù Kẹjọ yẹn, torí eléyìí?"