Bí a ṣe ń fi kayak wa odò tí ń ru: ohun tí ẹni tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkìtì gbọ́dọ̀ mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn odò tí ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, òkè Èkìtì ni orísun wọn. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun jáde, Ọ̀gbẹ̀sè sì gba ilẹ̀ wa kọjá kí ó tó wọ ilẹ̀ Oǹdó. Nítorí pé ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ Èkìtì, òjò tí ó bá rọ̀ sórí àpáta gbalasa bí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ kì í ríbi wọlẹ̀ sí. Ńṣe ni ó ń ya wọ inú odò lẹ́sẹ̀ kan náà, tí odò tí ọmọdé fẹsẹ̀ là kọjá ní òwúrọ̀ yóò fi máa ru gùdù ní ìrọ̀lẹ́. Bí a ṣe ń fi ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kayak gba irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa kọ́ eré yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì mọ bí a ṣe ń ka omi bí ẹní ń ka ìwé, kò yẹ kí ó jẹ́ kí omi gbé òun.

Àwọn Inuit, ìyẹn àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìnyín ní òkè àríwá ayé, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe kayak, tí wọ́n fi ń ṣọdẹ ẹranko inú òkun. Awọ ẹran ni wọ́n fi bo tiwọn. Ike líle ni a fi ń ṣe tòde òní. Kò dà bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí àwọn ará wa létí omi ń wà. Orí kayak ní ìdérí, ihò kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀ tí a ń kó ìdí sí, ẹsẹ̀ méjèèjì a nà síwájú nínú ọkọ̀, àjẹ̀ tí a fi ń wà á sì ní ojú ní ìhà méjèèjì.

Ohun èlò tí a gbọ́dọ̀ ní kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a lè yọ sílẹ̀. Ọkọ̀ tí a ń lò fún omi ríru kúrú, ọ̀pọ̀ wọn kò ju mítà 2.5 sí 3 lọ, imú àti ìdí rẹ̀ sì tẹ̀ sókè kí ìgbì má baà tètè bò ó mọ́lẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó gbọ́dọ̀ fún mọ́ àyà débi pé bí ẹlòmíràn bá di èjìká rẹ̀ mú tí ó fà á sókè, kò ní bọ́ lọ́rùn. Akoto tí ó bo iwájú orí àti ìpàkọ́ ṣe dandan, nítorí pé òkúta ni ó wà lábẹ́ omi wa, kì í ṣe iyanrìn. Aṣọ ìdènà omi ni èyí tí a ń wọ̀ mọ́ ìbàdí tí a sì fi etí rẹ̀ de ẹnu ihò ọkọ̀ pa. Ó ní okùn kékeré kan níwájú, okùn yẹn sì gbọ́dọ̀ yọ síta ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi bàtà tí kì í yọ̀, fèrè, ọ̀bẹ tí a lè fi gé okùn, àti àpò tí okùn tí ó gùn tó mítà 15 sí 20 wà nínú rẹ̀ kún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí omi tí ó dákẹ́

Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò tíì ní iṣẹ́ níbí. Kí ó lọ kọ́ ìwẹ̀ ná. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó wá omi tí kò ṣàn. Èkìtì kò ṣaláìní irú rẹ̀, nítorí a ní omi ìsédò bíi ti Ero ní Ìkún-Èkìtì, ṣùgbọ́n omi tí àwọn ènìyàn ń mu ni, nítorí náà a kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí i láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń bójú tó o. Adágún ilé ìtura tí ó bá gbà wá láyè dára ju gbogbo rẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé omi rẹ̀ mọ́, a sì lè rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Kí a tó kọ́ bí a ṣe ń lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí a kọ́ bí a ṣe ń jáde. Kí olùrànlọ́wọ́ dúró tì yín nínú omi tí ó mọ ní ìbàdí. Ẹ fi ara yí ọkọ̀ dojú dé. Nísàlẹ̀ omi, ẹ tẹ̀ síwájú kí imú yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdérí ọkọ̀, kí àpáta má baà rí ojú yín gbá, ẹ fi ọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ fa okùn iwájú aṣọ ìdènà náà síwájú kí ẹ tó fà á sókè, lẹ́yìn náà kí ẹ ti ọkọ̀ kúrò ní ìdí bí ẹni bọ́ ṣòkòtò. Lílù ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì, torí ó ń kọ́ ọkàn láti má ṣe kánjú. Ní ọjọ́ tí èmi kọ́kọ́ dojú dé, àjẹ̀ ni mo dì mọ́ àyà, mo sì gbàgbé pé okùn kan wà níwájú mi. Ẹni tí ó dúró tì mí ni ó fà mí jáde. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ìgbésẹ̀ kejì kí ó tó ṣe ìjáde yìí dáadáa nígbà mẹ́wàá.

Lẹ́yìn èyí ni a ó kọ́ bí a ṣe ń yí ọkọ̀ padà dìde láìjáde. Ẹni tí ó dojú dé yóò na àjẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò fi ojú rẹ̀ gbá omi ní ìlà gbọọrọ láti iwájú lọ sẹ́yìn, yóò sì fi ìbàdí àti orúnkún yí ọkọ̀ náà. Ìbàdí ni ó ń gbé ọkọ̀ dìde, orí ni ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn jáde. Èyí lòdì sí ohun tí ara ń fẹ́, torí pé orí ni ara ń fẹ́ kọ́kọ́ gbé síta láti mí, bí orí bá sì ti ṣáájú, ọkọ̀ yóò tún padà dojú dé. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kí a fara balẹ̀ fún un.

Bí a ṣe ń ka omi

Ibi tí mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró sí pẹ́ jù nìyí. Ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ dání ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lọ sétí odò. Ẹ jókòó sórí òkúta kan, kí ẹ sì máa wò ó. Níbi tí omi bá ti gba àárín àpáta méjì kọjá, yóò ṣe bí ahọ́n tí ó mọ́ tí ó sì ń dán, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ odò. Ọ̀nà nìyẹn. Bí ṣóńṣó náà bá kọjú sí òkè odò, àpáta ni ó wà níbẹ̀, bí a kò tilẹ̀ rí orí rẹ̀. Níbi tí omi bá ti gùn ún bí òkìtì tí ó dán, tí ìfófó funfun sì tẹ̀ lé e, àpáta tí ó rì ni omi ń gorí rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn àpáta tí orí rẹ̀ yọ síta, omi a máa ṣẹ́rí padà sí òkè odò, ojú ibẹ̀ a sì rọ̀ nígbà tí omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sáré. Ibùsinmi ni n ó máa pè é. Awakọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í ti òkè odò wá sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ibùsinmi kan sí èkejì ni ó ń lọ, tí ó ń dúró wo ohun tí ó kàn kí ó tó tún gbéra. Láti wọ ibẹ̀, ẹ fi imú ọkọ̀ gé ìlà tí ó wà láàárín omi méjèèjì pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì tẹ̀ sí ìhà tí ọkọ̀ ń yí sí, bí ẹní fi ọ̀kadà gba kọ́nà. Bí ẹ bá ń jáde bọ́ sínú omi tí ń sáré, ìsàlẹ̀ odò ni kí ẹ tẹ̀ sí. Bí ẹ bá tẹ̀ sí òkè odò, omi yóò gun etí ọkọ̀, yóò sì dà yín nù lójú ẹsẹ̀. Láti sọdá sí òdìkejì láì jẹ́ kí omi gbé yín lọ sílẹ̀, ẹ kọ imú ọkọ̀ sí òkè odò, kí ó dagun díẹ̀ sí ìhà tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì máa wà á; omi fúnra rẹ̀ ni yóò ti yín sọdá.

Omi tí ó bá já bọ́ láti orí àpáta a máa gbẹ́ kòtò sísàlẹ̀, ìfófó òkè rẹ̀ a sì máa yí padà sẹ́yìn. Ẹ wo etí kòtò náà láti òkè odò. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá nà sí ìsàlẹ̀ odò, omi yóò ti ènìyàn jáde láti ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá ká padà sí òkè odò, yóò dì í mú. Èyí tí ó burú jù lọ ni ti ògiri ìsédò kúkúrú tí omi ń ṣàn gorí rẹ̀ láti etí dé etí, tí ó dà bí ohun tí kò le rárá: kò sí ibi tí omi rẹ̀ ti ń tú ènìyàn sílẹ̀. A kì í fi ọkọ̀ gorí rẹ̀ láéláé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ ru ọkọ̀ yí i ká.

Ohun mìíràn tí ó wọ́pọ̀ lórí odò wa ni igi tí ó ṣubú sínú omi, kọ́fáàtì abẹ́ títì, àti ìgèrè tàbí àwọ̀n tí àwọn apẹja dẹ sílẹ̀. Omi ń gba inú wọn kọjá, ènìyàn kò lè gbà á. Ẹni tí ó bá sì bọ́ sómi kò gbọdọ̀ dìde dúró níbi tí omi bá ti kọjá orúnkún tí ó sì ń sáré, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá há sáàárín òkúta, omi yóò tẹ orí rẹ̀ ba. Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè sí iwájú, kí ẹsẹ̀ sì kọjú sí ìsàlẹ̀ odò títí yóò fi dé ibi tí ó rọ̀.

Ẹni tí a jọ ń lọ, àti ìdíje

A kì í dá lọ. Ènìyàn mẹ́ta ni ó kéré jù: ẹni tí nǹkan ṣe, ẹni tí ó dúró tì í, àti ẹni tí yóò sáré lọ pe ìrànlọ́wọ́. Nítorí ariwo omi, àmì ni a fi ń sọ̀rọ̀. Àjẹ̀ tí a gbé dúró ṣánṣán túmọ̀ sí pé kí ẹni tí ó kàn máa bọ̀. Èyí tí a gbé dábùú sókè orí túmọ̀ sí pé kí ó dúró. Fífọwọ́ kan àtàrí túmọ̀ sí àlàáfíà. Fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta túmọ̀ sí ewu. Ènìyàn ni a ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ọkọ̀, lẹ́yìn náà àjẹ̀. Ẹni tí ó ju okùn kò gbọdọ̀ wé e mọ́ ọwọ́, ẹni tí ó gbà á kò sì gbọdọ̀ so ó mọ́ ara.

Ìdíje tí mo rò pé ó lè kọ́ wa níṣẹ́ kíákíá ni slalom. Ọ̀pá méjì méjì ni wọ́n ń so rọ̀ sókè omi gẹ́gẹ́ bí ẹnu ọ̀nà, láti 18 sí 25. Èyí tí ó ní àwọ̀ ewé ni a ń gbà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, èyí tí ó pupa ni a ń gbà padà sí òkè. Bí a bá kan ọ̀pá, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni wọ́n ń fi kún àkókò ẹni. Bí a bá fo ẹnu ọ̀nà kan, 50 ni. Ó kọ́kọ́ wọ Òlíḿpíkì ní ọdún 1972, ó padà wọ̀ ọ́ ní 1992, Jonathan Akinyemi sì fi kayak ṣojú Nàìjíríà nínú rẹ̀ ní London ní 2012. A kò nílò odò ńlá láti bẹ̀rẹ̀: ẹ na okùn sọdá odò kékeré tí ń ṣàn jẹ́jẹ́, ẹ so ọparun tí a kùn rọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi fóònù ka àkókò ara yín.

Ìrìn àjò lórí odò

Ìpele 6 ni àwọn awakọ̀ pín omi ríru sí. Èkíní jẹ́ ìgbì wẹ́wẹ́. Ìkẹfà jẹ́ èyí tí ó lè gba ẹ̀mí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù pàápàá. Kí olùbẹ̀rẹ̀ má kọjá ìpele kejì ní ọdún àkọ́kọ́. Oṣù Bélú ni mo fẹ́ràn jù fún un, nígbà tí òjò ti ń dáwọ́ dúró, tí omi ń fà, tí ó sì ti ń mọ́. Bí omi bá ṣàdédé yí padà sí pupa tí ewé àti igi sì ń gbá bọ̀, òjò ti rọ̀ lókè. Ẹ jáde kíá.

Ẹ lọ bá baálẹ̀ tàbí ọba ìlú tí odò gbà kọjá. Àwọn odò kan wà tí wọ́n ń bọ, tí a kì í sì í dé ní àwọn ọjọ́ kan, ọ̀wọ̀ yẹn sì tọ́ sí wọn. Àwọn apẹja ibẹ̀ náà ni yóò sọ ibi tí igi ṣubú sí àti bóyá ọ̀nì wà nínú ibú. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọmọdé: ní 2010, ọ̀nì fa Hendrik Coetzee, ọmọ South Africa tí ó mọ àwọn odò Áfíríkà dénú, kúrò nínú kayak rẹ̀ lórí odò Lukuga ní Kóńgò.

Ẹ rántí ìlera pẹ̀lú. Inú omi tí ń sáré gan-an ni kòkòrò dúdú kékeré tí ń fa àrùn ìfọ́jú létí odò ń yé ẹyin sí, ojúmọmọ ni ó sì ń jẹni, nítorí náà ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kí ẹ sì lo oògùn tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún bí ó bá dé àdúgbò yín. Omi tí ó rọ̀ ní eteetí, níbi tí ìgbín omi wà, ni a ti ń kó àtọ̀sí ajá. Ẹni tí ó bá tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ orúkọ odò, ibi tí ẹ ó ti wọ̀ ọ́, ibi tí ẹ ó ti jáde, àti aago tí ẹ retí láti jáde sórí ìwé, kí ẹ sì fi lé ẹnì kan lọ́wọ́ nílé. Bí aago náà bá kọjá tí kò gbúròó yín, kí ó kó ènìyàn wá sí ibi tí ẹ kọ pé ẹ ó ti jáde. Bí ẹ bá sì ti gúnlẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó tú akoto kúrò lórí.