Bí A Ṣe Ń Dá Bàálù Tó Ṣọ̀wọ́n Mọ̀ Nínú Fíìmù

Bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ fún òṣèré ni wọ́n ń kun bàálù fíìmù lọ́dà. Èyí tí ẹ rí tí àmì ogun Jámánì wà lára rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí wọ́n kàn ní Sípéènì, kí ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bàálù náà gan-an, kó fi ọ̀dà sílẹ̀, kó máa wo ohun tí ọ̀dà kò lè bò: ẹ́ńjìnnì, apá, ìrù àti ẹsẹ̀. Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ìwé àti bírò ti tó fún iṣẹ́ náà, àfi sùúrù tó gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Ẹ kọ́kọ́ kó àwòrán jọ

Ẹ dá fíìmù dúró níbi tí bàálù ti hàn dáadáa, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀. Ó kéré tán, ẹ wá mẹ́ta: ti ẹ̀gbẹ́, ti iwájú àti ti abẹ́. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń tan ẹ́ńjìnnì tàbí tí wọ́n ń pa á ni kí ẹ ka abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, torí bó bá ti ń yí kíkankíkan, kámẹ́rà lè mú kó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kó jọ pé ó ń yí sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe da àwòrán ìran méjì pọ̀ kí ó tó dá yín lójú pé bàálù kan náà ni. Nínú Casablanca (1942), Lockheed 12 gidi wà nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n èyí tó dúró nínú kùrukùru ní ìparí jẹ́ àwòṣe kékeré nínú sítúdíò. Àwọn ènìyàn kúkúrú ni wọ́n fi ṣe òṣìṣẹ́ ìdí rẹ̀ kó lè dà bí èyí tó tóbi. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fi gíga ènìyàn nìkan wọn bàálù.

Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n yí àwòrán padà bí ìgbà tí a wo dígí. Bí lẹ́tà bá kọ ẹ̀yìn síwájú, ilẹ̀kùn tí ẹ rí lápá òsì, apá ọ̀tún ló wà.

Ẹ ka ohun tó ṣeé kà

Ẹ́ńjìnnì mélòó, níbo ni wọ́n wà? Ṣé apá wà lókè ara bàálù ni àbí nísàlẹ̀? Táyà kẹta ńkọ́, ṣé iwájú ló wà àbí abẹ́ ìrù? Ìdáhùn mẹ́ta yìí ti gbá ọ̀pọ̀ bàálù ayé dànù kúrò níwájú yín.

Ìrù kì í sábà parọ́. Bàálù inú Mad Max Beyond Thunderdome (1985) ní ìrù méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ohunkóhun kò so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn. Transavia PL-12 Airtruk ti Ọsirélíà ni, bàálù iṣẹ́ oko tí wọ́n fi ń fọ́n ajílẹ̀. Kì í ṣe fún ẹwà ni wọ́n fi ya ìrù náà sọ́tọ̀: ọkọ̀ tó ń gbé ajílẹ̀ bọ̀ á rọra fẹ̀yìn wọ àárín méjèèjì láti kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mọ̀ mọ́ láé.

Bí ó bá jọ hẹlikọ́pítà, ẹ wo ìrù rẹ̀ fún abẹ̀bẹ̀ kékeré. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí abẹ̀bẹ̀ kan sì ń tì í láti ẹ̀yìn awakọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọtojáírò. Ẹ́ńjìnnì kì í yí abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ lójú òfurufú, afẹ́fẹ́ ló ń yí i. Irú rẹ̀ ni Wallis WA-116 tí Ken Wallis, ẹni tó ṣe é, fúnra rẹ̀ wa nínú You Only Live Twice (1967).

Ẹ wo ihò sàlẹ́ńsà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nínú Battle of Britain (1969), Messerschmitt 109 ni wọ́n pe àwọn bàálù ogun kékeré ti Jámánì. Ẹ sún mọ́ imú wọn. Ẹ́ńjìnnì Daimler-Benz ti 109 gidi dojú dé, orí sìlíńdà rẹ̀ kọ sí ilẹ̀, nítorí náà ihò sàlẹ́ńsà rẹ̀ tò sísàlẹ̀ imú. Ti inú fíìmù tò sókè, àgbọ̀n rẹ̀ wú, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rin dípò mẹ́ta. Hispano HA-1112 ni, tí wọ́n kàn ní Sípéènì. Àtikó ẹ́ńjìnnì wá láti Jámánì ti di ìṣòro nígbà ogun, wọ́n sì padà fi Rolls-Royce Merlin ti Gẹ̀ẹ́sì sí i, ẹbí ẹ́ńjìnnì tó wà nínú Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n jọ ń jà nínú fíìmù náà! Àgbọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Buchón, orúkọ ẹyẹlé kan tí àyà rẹ̀ máa ń wú. Àwọn Heinkel 111 ibẹ̀ náà, bàálù Jámánì tó ń ju bọ́ǹbù, CASA 2.111 ti Sípéènì ni wọ́n, Merlin ló wà nínú wọn.

Sàlẹ́ńsà kì í ràn wá lọ́wọ́ nígbà gbogbo. Nínú Tora! Tora! Tora! (1970), T-6 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n tún ṣe kó lè jọ Zero, bàálù ogun ti Japan, sìlíńdà àwọn méjèèjì sì tò yípo bí sípókù inú rímù kẹ̀kẹ́. Apá ni kí ẹ wò níbẹ̀: etí iwájú apá T-6 sún sẹ́yìn gan-an, etí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́.

Lẹ́tà ara rẹ̀

Ibi tí wọ́n ti forúkọ bàálù sílẹ̀ ni lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ: 5N ti Nàìjíríà, TY ti Benin, 5V ti Togo, G ti Gẹ̀ẹ́sì, N ti Amẹ́ríkà, VH ti Ọsirélíà, CU ti Cuba. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tètè gbà á gbọ́. Nínú Raiders of the Lost Ark (1981), OB-CPO ni wọ́n kọ sára Waco tó ń gbéra lórí omi. OB jẹ́ ti Peru lóòótọ́, àmọ́ orúkọ Obi-Wan àti C-3PO, àwọn ẹ̀dá inú fíìmù Star Wars, ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré náà kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí: “MiG-28” inú Top Gun (1986), F-5 ti Amẹ́ríkà tí wọ́n kùn ní dúdú ni. Ìró ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Lẹ́yìn tí wọ́n ya fíìmù tán ni wọ́n sábà ń fi í sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bí kò bá bá èyíkéyìí mu

Ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi ara òmíràn kàn. Bàálù tó gbéra nínú The Flight of the Phoenix (1965), apá Beech C-45 ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì T-6. Paul Mantz, awakọ̀ tó ń fò ó fún fíìmù náà, kú nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1965, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà lọ́wọ́. Ó tún lè jẹ́ èyí tí kò fò rí, bíi bàálù aláìnírù inú Raiders, tí wọ́n kàn fún fíìmù nìkan. Ti Casino Royale (2006) ni ẹ óò kọ́kọ́ rò pé kò sí nílé ayé, torí ẹ́ńjìnnì méjì-méjì so mọ́ra lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹ bo ẹ́ńjìnnì náà lójú, kí ẹ wo iké orí rẹ̀: Boeing 747-200 ni, G-BDXJ, tí wọ́n tún ṣe ní Dunsfold ní Gẹ̀ẹ́sì.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ ìdáhùn yín, irú bàálù ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ẹ̀dà rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ńbà èyí gan-an tí wọ́n lò. Ẹ fi nọ́ńbà náà wé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ibẹ̀, kí ẹ rí i pé ọdún tí wọ́n ya fíìmù bọ́ sí àárín ọdún tí bàálù náà wà lórí ìwé. Bí àmì méjì bá tako ara wọn, ẹ dúró sórí irú bàálù.