Ẹ yéé ba fóònù jẹ́ torí ọ̀ṣọ́: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Mo fẹ́ràn kéèyàn ṣe fóònù ẹ̀ bó ṣe wù ú o, ṣebí owó ẹ̀ ló fi rà á. Àmọ́ fóònù tó dáa lójú tèmi ni èyí tí ẹ ò ní máa wá nǹkan kiri lórí ẹ̀, ọ̀ṣọ́ tó bá sì ti ń dí yín lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ dànù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ohun táwọn ọmọ ń ṣe sí fóònù ìyá wọn. Ìyá ń tajà lọ́jà Sábo n'Íkòròdú níbí, bọ́tìnì mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ ló ti mọ́ wọn lára, ọmọ á wá dé, á yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, á sọ ọ́ di gesture, á ní ìyẹn ló wà ńlẹ̀ báyìí. Gesture tí à ń fìka fà láti ẹ̀gbẹ́ yìí, Android 10 ló gbé e dé lọ́dún 2019, kò burú fẹ́ni tọ́wọ́ ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lójú fóònù tó máa sọ fún màmá pé ibí ni kí wọ́n ti fà á. Kọ́sítọ́mà dúró síwájú wọn, ó lóun ti ṣe transfer, wọ́n fẹ́ lọ wo álẹ́ẹ̀tì, wọn ò wá mọ bí wọ́n ṣe máa jáde nínú WhatsApp! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ Settings, ẹ kọ navigation síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan lókè, kẹ́ ẹ dá bọ́tìnì wọn padà. Tó bá jẹ́ pé wọn ò ríran dáadáa ni, ẹ má dúró sórí font size nìkan, lẹ́tà nìkan nìyẹn ń sọ di ńlá, display size ló máa jẹ́ kí bọ́tìnì àti àmì áàpù náà tóbi.

Dark mode tó ń sọ ojú fóònù di dúdú ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó ń tọ́jú bátìrì. Tí ojú fóònù yín bá jẹ́ AMOLED, òótọ́ ni, torí ibi tó bá dúdú pátápátá, iná ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ LCD, bó ṣe wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù tówó ẹ̀ ò wọ́n, iná ẹ̀yìn ẹ̀ ò kú rárá, kò sí bátìrì kankan tẹ́ ẹ tọ́jú. Ẹ wá dúró sínú oòrùn ní Ẹ̀bútè, ẹ ń retí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Falomo, ẹ ò rí nǹkan kan kà, lẹ bá fa brightness dópin, ìyẹn gan-an ló wá ń jẹ bátìrì. Nínú oòrùn, ojú funfun ló dáa jù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni launcher, ìyẹn áàpù tó ń pààrọ̀ ojú àkọ́kọ́ fóònù, àti theme tó ń pààrọ̀ àwọ̀ àti àmì ẹ̀, tí wọ́n ń fi líǹkì ẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ò sí ní Play Store. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí fóònù tán, á ní kẹ́ ẹ tan Accessibility fóun. Torí àwọn tí ò ríran tàbí tọ́wọ́ wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe ṣe nǹkan yẹn, kí áàpù lè ka ohun tó wà lójú fóònù sí wọn létí kó sì bá wọn tẹ bọ́tìnì, ẹni burúkú tó bá wá rí àṣẹ yẹn gbà, ó lè rí ohun tẹ́ ẹ ń tẹ̀, ó lè bá yín tẹ bọ́tìnì nínú áàpù báńkì yín. Bákan náà ni notification access, ìyẹn àṣẹ láti ka ìfitónilétí tó ń wọlé, OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́, tó bá wọlé, ó lè rí i. Kí ni ọ̀ṣọ́ lásán fẹ́ fi àṣẹ yẹn ṣe? Launcher gidi lè béèrè notification access kó lè fi iye mẹ́sèèjì hàn, ẹ ṣì lè sọ pé rárá, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Wallpaper, ìyẹn àwòrán ẹ̀yìn ojú fóònù, tó bá ń mira, bátìrì ló ń jẹ, ẹ fi èyí tó dúró sójú kan.

Ẹ má sì torí ìpolówó pa gbogbo notification áàpù kan o, torí bẹ́ẹ̀ lálẹ́ẹ̀tì ṣe ń kọjá lórí àwọn kan. Tí ìpolówó bá wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ áàpù ló pín tiẹ̀ sọ́tọ̀, irú èyí tó ń dà yín láàmú yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ pa.