Ẹ má jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n yín sọ fíìmù di fídíò

Ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n HD tuntun, tó fi fíìmù tó ti mọ̀ tipẹ́ sí i, lè rí i pé fíìmù ọ̀hún kò jọ fíìmù mọ́. Gbogbo nǹkan ń ṣàn geerege, àfi bí eré àtìgbàdégbà tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò yà. Ọ̀pọ̀ á ní, "HD ló fà á, àwòrán ti mọ́ jù." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí HD ṣe kò ju pé ó fi kún àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán: 1920 ní ìbú, 1080 ní òró. Kò fọwọ́ kan bí nǹkan ṣe ń rìn, ibẹ̀ gan-an sì ni fíìmù àti fídíò ti yà.

Àwòrán 24 ni kámẹ́rà fíìmù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì máa ń gba ìmọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 48 ìṣẹ́jú àáyá. Bí òṣèré bá ju ọwọ́, ọwọ́ náà á ṣe bàìbàì díẹ̀. Fídíò tẹlifíṣọ̀n ń mú ìrìn náà nígbà 50 tàbí 60. Kò sẹ́ni tó ń fojú kà á, ṣùgbọ́n ojú mọ̀ ọ́n. Nígbà tí apá kìíní fíìmù The Hobbit jáde ní 2012 ní àwòrán 48 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pọ̀ òǹwòran ráhùn pé ó jọ tẹlifíṣọ̀n. Bẹ́ẹ̀, owó ńlá ni wọ́n ná sí i!

Àṣìṣe tó ń ba fíìmù jẹ́ jù kì í ṣe ọwọ́ yín ló ti wá. Bí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ṣe ń ti ilé iṣẹ́ jáde nìyẹn: wọ́n ń dá àwòrán tí ẹnikẹ́ni kò yà sílẹ̀, wọ́n ń fi í há àárín àwọn 24 yẹn. LG ń pè é ní TruMotion, Sony ní Motionflow, Samsung ní Auto Motion Plus tàbí Picture Clarity. Ẹ pa á. Ẹ má sì pa á lójú HDMI kan (ihò tí okùn ẹ̀rọ ń wọ̀) kí ẹ gbàgbé ìyókù, torí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ló ń tọ́jú ètò tirẹ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá ní Filmmaker Mode, ètò àwòrán fún fíìmù tí wọ́n kéde ní 2019, òun nìkan á pa gbogbo rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ò nílò ìyẹn. Fídíò ni bọ́ọ̀lù látilẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá pa á tán, ẹ má yára gbé tẹlifíṣọ̀n lọ síbi àtúnṣe torí pé àwòrán ń kọsẹ̀ bí kámẹ́rà bá ń yí. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ń fi àwòrán hàn nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 24 kò sì lọ géérégé sínú 60, nítorí náà àwòrán kan á hàn lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó tẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Tẹlifíṣọ̀n tó ń fi í hàn nígbà 120 ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó tán. Níbi tí wọ́n ti ń lo 50, wọ́n sábà máa ń sá fíìmù ní 25: fíìmù 100 ìṣẹ́jú á parí ní 96.

Ẹ má gbé sharpness, ètò tó ń mú etí nǹkan mú, sókè. Ìlà funfun ló ń fà yí nǹkan ká. Ẹ má fi noise reduction, ètò tó ń pa hóró inú àwòrán rẹ́, gbọn hóró ara fíìmù dànù, ojú òṣèré á dà bí àbẹ́là. Ẹ má sì na àwòrán torí ọ̀já dúdú òkè àti ìsàlẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ràn èèyàn tó gùn gbọọrọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò fúnra yín, 24 nìkan kò sọ ọ́ di fíìmù. Nínú oòrùn, kámẹ́rà tó ń ṣètò ara rẹ̀ lè dín àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi ń gba ìmọ́lẹ̀ kù sí 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, bàìbàì ọwọ́ á lọ, ìrìn á máa já. Ẹ tì í mọ́ 1/50, kí ẹ fi dígí dúdú bo lẹ́ńsì. Ẹ sì jẹ́ kí àwòrán ṣú díẹ̀: fíìmù máa ń fara da ìmọ́lẹ̀ líle, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tó bá ti funfun báláú nínú fídíò, kò sí àtúnṣe tó lè dá a padà.